Etí Ọba Nílé, Etí Ọba Lóko: Bí Ìjọba Ṣe Ń Ṣọ́ Aráàlú Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ìṣọ́ ọlọ́pọ̀ èrò ni kí ìjọba máa kó àkọsílẹ̀ ìpè, lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìrìn gbogbo ènìyàn jọ, yálà wọ́n dáràn tàbí wọn kò dáràn. Ó yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọlọ́pàá tí gbogbo ayé mọ̀. Bí ọlọ́pàá bá fura sí ọkùnrin kan, iwájú adájọ́ ló yẹ kó lọ, kó sọ orúkọ onítọ̀hún àti ohun tó fa ìfura, kí adájọ́ tó fún un ní ìwé àṣẹ láti máa gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ lórí fóònù. Ìfura ló ṣáájú, etí ló tẹ̀ lé e. Nínú ìṣọ́ ọlọ́pọ̀ èrò, etí ló ń ṣáájú. Wọ́n á kọ́kọ́ kó ti gbogbo ìlú sínú àká. Bí ìfura bá dé lẹ́yìn ọ̀la, wọ́n á padà lọ tú àká wò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn níí jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìṣọ́ ṣe rí nìyẹn kí ẹ̀rọ tó dé. Etí ọba kò ju iye olófòófó tó bá ní lọ, olófòófó sì gbọ́dọ̀ jẹun, ó gbọ́dọ̀ sùn, kò sì lè jókòó ní agbo méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Stasi, àjọ amí ìlà-oòrùn Jámánì, ní òṣìṣẹ́ bíi 90,000 nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ń wó lọ ní 1989, síbẹ̀ inú fáìlì bébà ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kó jọ wà, ènìyàn ló sì ní láti jókòó kà á. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ olófòófó ṣe. Ẹ̀rọ kì í sùn. Owó tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà sì wálẹ̀ débi pé ó rọrùn kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ ju kí wọ́n máa ṣa èyí tó wúlò lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú òfuurufú ni ọ̀rọ̀ orí fóònù ń gbà dé òkè òkun. Láti ara fóònù dé àwọn òpó ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ló sábà ń gba òfuurufú mọ. Lẹ́yìn ìyẹn, inú okùn ló ń wọ̀: okùn tó ní fọ́nrán gíláàsì tín-ín-rín nínú, tí ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n tẹ́ àwọn okùn wọ̀nyí sí. Ọ̀kan nínú wọn, Glo-1, gbéra ní Èkó, ó sì gúnlẹ̀ sí Bude, ìlú kékeré kan ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtòsí Bude yìí kan náà ni GCHQ, àjọ amí Gẹ̀ẹ́sì tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ, ní ibùdó ńlá kan sí. Ẹni tó bá fẹ́ ka iye èrò tó wọ ọjà, ẹnu ọ̀nà ọjà ló ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn àjọ amí fi fẹ́ràn ibi tí okùn ti ń gúnlẹ̀.

Yíyọ ọ̀rọ̀ nínú okùn kò le tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Ní ilé iṣẹ́ fóònù AT&T tó wà ní nọ́ńbà 611, òpópónà Folsom, ní San Francisco, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mark Klein rí i pé wọ́n ti pín ìmọ́lẹ̀ inú okùn íntánẹ́ẹ̀tì sí méjì. Apá kan ń bá ìrìn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Apá kejì ń wọ yàrá kan tó ní nọ́ńbà 641A, níbi tí òṣìṣẹ́ lásán kò gbọ́dọ̀ dé, torí pé NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ló ni yàrá náà. Ohun kan náà ni apá méjèèjì gbé. Ẹni tó fi lẹ́tà ránṣẹ́ kò mọ̀, ẹni tó gbà á kò mọ̀, lẹ́tà kò sì pẹ́ lọ́nà. GCHQ ṣe irú rẹ̀ lórí okùn abẹ́ òkun, wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Tempora: ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń wà ní ìpamọ́ fún ọjọ́ 3, àkọsílẹ̀ ẹni tó bá ẹni sọ̀rọ̀ ń wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 30.

Ọ̀nà kejì kò nílò okùn. Ìjọba a máa lọ bá ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú lẹ́tà àwọn ènìyàn, wọ́n á gbé ìwé àṣẹ lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọ́dọ̀ ta oníbàárà lólobó. PRISM lorúkọ tí NSA fún ètò yìí. Microsoft ló kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ní 2007. Yahoo, Google, Facebook, Skype àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, Apple dé ní 2012. Òfin tí wọ́n wá gbé e lé ni abala 702 òfin FISA, òfin Amẹ́ríkà lórí ìṣọ́ ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fi kún un ní 2008. Òfin náà kò béèrè pé kí adájọ́ fọwọ́ sí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ni adájọ́ ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún. Ẹni tí ó sì fàyè gbà kí wọ́n ṣọ́ ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ti lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò fún ìmọ̀ nípa ilẹ̀ òkèèrè. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jiyàn bóyá ìjọba ń rú òfin lé àwọn lórí, ará Ìbàdàn tó ń lo Gmail kò sí nínú iyàn náà. Òun gan-an ni ẹni tí òfin fàyè sílẹ̀ fún.

Síbẹ̀, nígbà tí àṣírí tú ní 2013, ohun tó kọ́kọ́ dá ìlú rú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí amí gbọ́. Èèpo ọ̀rọ̀ ni. Gbogbo ìpè ló ní inú, gbogbo ìpè ló sì ní èèpo. Inú rẹ̀ ni ohun tí àwọn méjèèjì sọ. Èèpo rẹ̀ ni nọ́ńbà ẹni tó pè, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n pè, aago tó bẹ̀rẹ̀, iye ìṣẹ́jú tó gbà, àti òpó tí fóònù kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ó dà bí orúkọ àti àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn lẹ́tà, tí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè kà láìtú u.

Ó rọrùn láti fojú di èèpo. Ká ní obìnrin kan pe ilé ìwòsàn aboyún ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Bó ṣe gbé e sílẹ̀, ó pe ọkùnrin kan fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó pe ìyá rẹ̀ lóru. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó pe agbẹjọ́rò tó ń tú ìgbéyàwó ká. Kò sẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kí ló tún kù tí wọn kò mọ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeé fi pa irọ́, ó ṣeé fi pòwe, ó ṣeé fi èdè tí amí kò gbọ́ sọ. Èèpo kò mọ irọ́ í pa. Ó sì wà létòlétò, nọ́ńbà lábẹ́ nọ́ńbà, èyí tó jẹ́ oúnjẹ tí kọ̀ǹpútà fẹ́ràn jù.

Láti ara èèpo ni amí ti ń tọ ipa láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. NSA ní àyè láti rin ìgbésẹ̀ 3: láti ọ̀dọ̀ afurasí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ìyẹn ń bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n tún fi ẹsẹ̀ kan kún un. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń bá ènìyàn 40 sọ̀rọ̀, ìgbésẹ̀ kìíní jẹ́ 40, ìkejì jẹ́ 1,600, ìkẹta jẹ́ 64,000. Afurasí ẹyọ kan ti kó odindi ìlú sínú fáìlì. Bí ọ̀kan lára àwọn tó pè bá wá jẹ́ ilé oúnjẹ tí gbogbo àdúgbò ń pè ńkọ́? Oṣù kìíní 2014 ni Ààrẹ Barack Obama tó dín ìgbésẹ̀ náà kù sí 2.

Ẹjọ́ kékeré kan ni wọ́n gbé kíkó èèpo ìpè jọ lé. Ní 1979, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Smith àti ìpínlẹ̀ Maryland. Wọ́n ja obìnrin kan lólè ní Baltimore, ẹni tó jà á lólè sì ń pè é lórí fóònù láti dẹ́rù bà á. Ọlọ́pàá ní kí ilé iṣẹ́ fóònù máa kọ nọ́ńbà tí afurasí ń tẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Ilé ẹjọ́ ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó tẹ nọ́ńbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ilé iṣẹ́ fóònù, kò tún lè pè é ní àṣírí. Afurasí kan, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí. Láti 2006, òun náà ni wọ́n fi gbe àkọsílẹ̀ ìpè àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú abala 215 òfin Patriot tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án 2001. Ìpìlẹ̀ ilé oníyàrá kan ni wọ́n kọ́ ilé alájà mẹ́wàá lé.

Ìgbà tí aráàlú ti ń fura sí irú nǹkan báyìí ti pẹ́. Ní 1975, ìgbìmọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ Frank Church jẹ́ alága rẹ̀ tú u síta pé fún nǹkan bí ọdún 30 ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹligíráàmù ti ń fún ìjọba ní ẹ̀dà tẹligíráàmù tó ń wọ Amẹ́ríkà àti èyí tó ń jáde, lábẹ́ ètò tó ń jẹ́ SHAMROCK, àti pé FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá Martin Luther King. Ìbínú yẹn ló bí òfin FISA ní 1978. Òfin náà dá ilé ẹjọ́ àkànṣe kan sílẹ̀ tó ń jókòó ní bòńkẹ́lẹ́, tó sì jẹ́ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, agbẹjọ́rò ìjọba nìkan ló ń rojọ́ níwájú rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, bí àwọn Yorùbá ti ń wí. Òun ni òfin yìí sọ di ìlànà.

Ní oṣù kejìlá 2005, ìwé ìròyìn New York Times gbé e jáde pé ìjọba George W. Bush ń gbọ́ ìpè láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́ àkànṣe yẹn pàápàá. Ọ̀rọ̀ Mark Klein tẹ̀ lé e ní 2006. Ariwo sọ, ó sì rọlẹ̀. Ohun tó pa ariwo náà ni pé kò sí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè mú dání pé, èmi ni wọ́n ṣe é sí. Àjọ Amnesty International pẹ̀lú àwọn agbẹjọ́rò àti oníròyìn gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí òfin 2008. Ní oṣù kejì 2013, adájọ́ 5 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ da ẹjọ́ wọn nù, wọ́n ní àwọn olùpẹ̀jọ́ kò lè fi hàn pé ìjọba ń ṣọ́ àwọn. Bẹ́ẹ̀, àṣírí ìjọba ni orúkọ àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí wọ́n jà lólè lókùnkùn ni wọ́n ní kó mú àwòrán olè wá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún kan náà, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden bi James Clapper, olórí àwọn àjọ amí, bóyá NSA ń kó àkọsílẹ̀ kankan jọ nípa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà. Clapper ní rárá, kò sí èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó.

Kò tó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀rí orí bébà fi dé. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2013, ìwé ìròyìn Guardian tẹ ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ àkànṣe náà jáde: kí ilé iṣẹ́ Verizon máa kó èèpo ìpè gbogbo oníbàárà ẹ̀ka ìṣòwò rẹ̀ fún NSA lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kejì ni ìròyìn PRISM jáde, nínú Guardian àti Washington Post. Ní ọjọ́ 9, ẹni tó kó ìwé náà síta sọ orúkọ ara rẹ̀ ní Hong Kong: Edward Snowden, ọmọ ọdún 29, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń bá NSA ṣiṣẹ́ ní Hawaii. Ó balẹ̀ sí Moscow lóṣù náà, Rọ́ṣíà ló sì ti ń gbé látìgbà náà. Púpọ̀ nínú ohun tí ó tú síta ni àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń pè wọ́n ní aláròká. Ohun tó yàtọ̀ ni ìwé tí adájọ́ bu ọwọ́ lù.

Obama fi àwọn ènìyàn lọ́kàn balẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Òótọ́ ni, ní ti àkọsílẹ̀ Verizon. Ibi tó dùn sí ni pé ìdáhùn yẹn gan-an ló kọ́ aráàlú ní ohun tí èèpo ń jẹ́, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ìjọba fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbè sẹ́yìn ìṣọ́ ní òun ni kò jẹ́ kí irú ìkọlù 2001 tún ṣẹlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àṣírí yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìròyìn rẹ̀ ní oṣù kìíní 2014, ó ní òun kò rí ẹyọ ìkọlù kan sí Amẹ́ríkà tí kíkó èèpo ìpè jọ ṣe bẹbẹ láti dá dúró. Ìgbìmọ̀ kan náà sọ ní oṣù keje pé abala 702 wúlò. Orí ẹ̀tọ́ tí ìyẹn fi ń tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ará Amẹ́ríkà tó bá àlejò sọ̀rọ̀ ni iyàn kù sí.

Bébà náà ló ṣílẹ̀kùn ilé ẹjọ́. ACLU, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú ní Amẹ́ríkà, jẹ́ oníbàárà Verizon, ẹ̀rí sì ti wà lọ́wọ́ báyìí. Ní oṣù karùn-ún 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní New York ní abala 215 kò fàyè gba irú ìkójọ bẹ́ẹ̀ rárá; ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin ṣe òfin USA Freedom, tó dá kíkó èèpo ìpè jọ níwọ̀n gbà-á-tán dúró. Ní Yúróòpù, Max Schrems, ọmọ Austria tó gbé ọ̀rọ̀ Facebook lọ sílé ẹjọ́, mú kí ilé ẹjọ́ àgbà ibẹ̀ wọ́gi lé àdéhùn tó ń jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ará Yúróòpù máa rékọjá sí Amẹ́ríkà, ní 2015 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2020. Brazil kò dúró de ilé ẹjọ́: nígbà tí Ààrẹ Dilma Rousseff gbọ́ pé NSA ń ka lẹ́tà òun, ó fagi lé ìbẹ̀wò tó fẹ́ ṣe sí Washington, wọ́n sì sọ Marco Civil, òfin íntánẹ́ẹ̀tì Brazil, di òfin ní oṣù kẹrin 2014.

Ohun tó yí padà nínú fóònù ju ohun tó yí padà nínú òfin lọ. Ní oṣù kẹwàá 2013, Washington Post tẹ àwòrán kan tí wọ́n fi ọwọ́ yà nínú ìwé NSA jáde. Ó fi hàn pé NSA àti GCHQ ń yọ ọ̀rọ̀ nínú okùn tó so àwọn ilé kọ̀ǹpútà Google pọ̀ mọ́ra wọn, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń rìn níhòòhò. Ẹni tó yà á fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí ibẹ̀. Ẹ̀rín yẹn bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Google nínú ju gbogbo òfin lọ, ilé iṣẹ́ náà sì yára parí iṣẹ́ fífi ẹnà bo ọ̀rọ̀ inú àwọn okùn náà.

Ọgbọ́n ẹnà kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹni tó ru àrokò lè rù ú dé ìlú kejì láìmọ ohun tí owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí wọ́n so pọ̀ ń wí. Ẹni tó fi rán an àti ẹni tí wọ́n fi rán sí ló mọ̀ ọ́n tú. Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀. Ní 1976, Whitfield Diffie àti Martin Hellman fi hàn pé àwọn tí kò pàdé rí lè ní ẹnà tiwọn níwájú gbogbo ènìyàn. Ó dà bí ẹni tó pín àgádágodo tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sápò. Ẹnikẹ́ni lè fi àgádágodo náà ti àpótí pa. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ nìkan ló lè ṣí i. Ní oṣù kẹrin 2016, WhatsApp, tí àwọn tó ń lò ó ti lé ní bílíọ̀nù kan, fi irú ẹnà yìí sí gbogbo ọ̀rọ̀ àti ìpè, láti fóònù dé fóònù, ẹnà tí àwọn tó ṣe ohun èlò Signal hun. Ilé iṣẹ́ náà di ẹni tó ru àrokò: ó ń gbé e, kò lè kà á. Àmọ́ inú ọ̀rọ̀ ni ẹnà bò. Ẹni tó bá ẹni sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó bá a sọ ọ́ ṣì hàn sí ẹni tó ń gbé e. Bí wọ́n bá sì rán ẹ̀rọ amí bíi Pegasus wọ inú fóònù fúnra rẹ̀, á ka ọ̀rọ̀ kí ẹnà tó bò ó.

Ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ Snowden tó jáde, ní oṣù kẹrin 2013, Premium Times gbé ìròyìn tirẹ̀ jáde: ìjọba Goodluck Jonathan ti gbé iṣẹ́ ìṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 40 mílíọ̀nù dọ́là fún Elbit Systems, ilé iṣẹ́ Ísírẹ́lì. Abala 37 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ilé, lẹ́tà àti ìpè rẹ̀. Ìlànà gbígbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́nà òfin, tó jáde ní 2019, ní kí àjọ amí kọ́kọ́ gba àṣẹ adájọ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ná kí wọ́n tó wá àṣẹ láàárín wákàtí 48. Ní oṣù kejìlá 2020, ìjọba ní kí oníkálukú so síìmù rẹ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN. Ní oṣù kẹrin 2022, síìmù tó lé ní 70 mílíọ̀nù kò lè pe ìpè jáde mọ́ torí pé wọn kò tíì so wọ́n. Ibi tí nọ́ńbà kan ti ń jẹ́ nọ́ńbà lásán tẹ́lẹ̀, ojú, orúkọ àti ìtẹ̀ka ti wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Abala 38 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ tọ́jú èèpo ìpè fún ọdún 2. Nígbà tí òfin ààbò àkọsílẹ̀ ara ẹni wá dé ní oṣù kẹfà 2023, ó yọ iṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè sílẹ̀ nínú púpọ̀ lára ohun tó là kalẹ̀, ó sì fi èèpo náà sílẹ̀ níbi tí òfin 2015 kó o sí.